Rélùwéè Òyìnbó Tí Bàámi Fi Ń Yangàn

Bí irọ́ bá wọ kóòtù, tó so táì mọ́ ọrùn, tó wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, irọ́ náà ni. Ìlú òyìnbó ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí, lórí pèpéle téṣàn rélùwéè kan tí kò ní òrùlé tó dára, níbi tí òjò ti ń pa mí, tí mò ń wo ojú irin tó ṣófo.

Ọmọ Ìlọ́fà ni mí. Kí n tó kúrò nílé, olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Òsí. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo máa ń ya àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sára pátákó, màá fa ìlà rélùwéè sórí rẹ̀ títí tí yóò fi dà bí òwú aláǹtakùn, màá sì sọ fún wọn pé níbẹ̀, èèyàn lè fi ìró ọkọ̀ tún aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Bàámi ni. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàámi kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni í dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú pàṣán, tí í máa dúró de àwọn ọmọ tó bá pẹ́. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó máa ń lọ wọ rélùwéè ní Ọ̀fà lọ sí Èkó, kò sì gbàgbé adùn rẹ̀ títí dòní. Bí mọ́tò bá bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́nà Kòrò, tí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ sínú eruku, Bàámi á mi orí, á ní: "Àwa la ń ṣe ara wa. Rélùwéè òyìnbó kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró de òun."

Ní ọjọ́ tí mo ń lọ, nígbà tí Màámi ń sunkún tó sì ń gbàdúrà papọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàámi bá mi sọ. Ó ní, "Má pẹ́ o. Níbi tí ò ń lọ yẹn, wọn kì í pẹ́."

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́, ní ìlú kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ilé ìlú náà ju agbára mi lọ, mo bá gba yàrá ní abúlé kan láàárín oko àgùntàn. Bọ́ọ̀sì tó ń na ọ̀nà abúlé náà tẹ́lẹ̀ ti dẹ́kun, èmi náà ò sì tíì ní ìwé ìwakọ̀. Wọ́n ní kí n má fòyà. Wọ́n ní rélùwéè wà.

Lówùrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo ti dé téṣàn kí àwọn ẹyẹ tó jí tán. Mo wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, mo fi gèlè wé etí mi nítorí òtútù. Àwọn èèyàn bíi mélòó kan dúró káàkiri lórí pèpéle, oníkálukú jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ jà lánàá. Mo kí wọn ní "Ẹ káàárọ̀" lédè wọn. Ọkùnrin kan wo bàtà rẹ̀. Pátákó oníná tó wà lókè ní ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọkọ̀ yóò pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó tún yá, orúkọ ọkọ̀ náà pa rẹ́ kúrò lójú pátákó, bí ìgbà tí mo bá fi aṣọ nu ẹfun nù ní kíláàsì. Ohùn obìnrin kan wá jáde láti òkè, ohùn tó mọ́ tónítóní, ó ní wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ náà, ó ní àwọn tọrọ àforíjì fún ìnira tí èyí lè mú bá wa.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló dúró sí tòsí mi, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn wà? Mo fẹ́ lọ bá a."

Ó wò mí bíi pé mo sọ ohun ìjìnlẹ̀ kan. Ó ní, "Kò sí níbì kankan, ọ̀wọ́n mi. Ẹ̀rọ ni."

Bí mo ṣe pàdé Dórìn nìyẹn. Opó ni, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan ní ìlú tí èmi náà ń lọ, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń dúró lórí pèpéle yẹn ju bí mo ṣe lè rò lọ.

Ẹ wò ó, níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ọ́ á wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá tóbi, á mú àgbàlagbà dání, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, wàá rí ojú rẹ̀, wàá sì mọ̀ bóyá ó dùn ún tàbí kò dùn ún. Àwọn wọ̀nyí gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀ nígbà kan, ẹni tó ṣeé ṣe kó ti kú, wọ́n wá fi há sókè òpó kó máa bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé! Bí awakọ̀ mọ́tò Òsí bá já ọ kulẹ̀, o mọ orúkọ rẹ̀, o mọ ilé ìyá rẹ̀. Wàá bú u, á bú ọ padà, ẹ̀yin méjèèjì á sì mọ̀ pé èèyàn lẹ jẹ́.

Kí ni kò sì sí nínú àwáwí wọn? Nígbà tí igi ń wọ́wé, wọ́n ní ewé já sórí irin. Ewé! Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. Ní Ìlọ́fà, igi máa ń wó dábùú ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á fi àdá ṣán an, mọ́tò á sì kọjá. Níhìn-ín, ewé gbígbẹ tí ọmọ ọwọ́ lè fẹ́ dànù ló dá irin tó wúwo tó odindi ṣọ́ọ̀ṣì dúró. Nígbà tí yìnyín bọ́, wọ́n ní òtútù mú irin. Nígbà tí oòrùn yọ, oòrùn tí àwa nílé á sá aṣọ sí tí kò ní í gbẹ, wọ́n ní ooru ti mú irin rọ. Ní ọjọ́ tí kò sí ewé, tí kò sí yìnyín, tí kò sí oòrùn, wọ́n ní kò sí awakọ̀.

Mo máa ń pe ilé ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Màámi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e, tí yóò máa fi èdè tiwa béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni ń da àgbàdo: "Ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun?" Lẹ́yìn náà ni Bàámi á gbà á.

"Ṣé o kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́?"

"Mo máa ń pẹ́, Bàámi. Rélùwéè ni kì í wá."

"Rélùwéè wo?"

"Ti ibí yìí náà ni, sà."

Ó ní, "Ọmọ mi, má parọ́ mọ́ òyìnbó. Bí oorun bá ń dùn mọ́ ọ, sọ pé oorun ń dùn mọ́ ọ. Tètè máa jí."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó. Mo wà ní orílẹ̀-èdè tí mi ò mọ ẹnì kan, òtútù ilẹ̀ yìí ti wọ inú egungun mi, bàbá tó bí mi lọ́mọ sì gba ti ọkọ̀ tí kò fojú rí gbọ́ ju tèmi lọ. Mi ò bínú sí i, nítorí èmi náà ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ kan náà.

Ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe fún mi ni Màgírẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú, òun ló le jù. Ó máa ń ju ṣíbí, ó máa ń bú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Ọsirélíà. Ní ọjọ́ kan tó kọ oúnjẹ, mo jókòó tì í, mi ò sọ̀rọ̀, mo kàn ń fi imú kọ orin tí Màámi máa ń kọ bó bá ń ṣa èwà. Ó ya ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi nìkan ló ti ń jẹun. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ Ìlọ́fà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un nípa àwọn òkúta ńláńlá tó yí wa ká, nípa iṣu tuntun, nípa bí a ṣe ń kí ara wa láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè àdúgbò kí a tó dé ibi tí à ń lọ.

Ó ní, "Gbogbo èèyàn lẹ máa ń kí?"

Mo ní, "Gbogbo wọn, mà. Títí kan ẹni tí a kò fẹ́ràn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá tirẹ̀. Ó pè mí sínú ọ́fíìsì, ó ní bí mo ṣe ń pẹ́ dé ti ń pọ̀ jù, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni físà mi so mọ́. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, rélùwéè ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún àwọn arúgbó pé kí wọ́n dúró de rélùwéè." Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, àìsàn dá Màgírẹ́ẹ̀tì wó. Dókítà ní kí a múra sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ máa lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó ní, "Mi ò fẹ́ dá wà. Ìwọ ni kó wà níbẹ̀."

Mo ní, "Màá wà níbẹ̀, mà. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ojú mi lẹ máa kọ́kọ́ rí."

Ní òwúrọ̀ ọ̀la náà, ọkọ̀ wá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Dórìn jókòó dojú kọ mí. A lọ díẹ̀, a sì dúró sí àárín pápá. Àgùntàn ń wò wá láti ojú fèrèsé, àwa náà ń wo àgùntàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo rí àwọn àgùntàn náà tí wọ́n jẹ koríko láti ẹ̀gbẹ́ odi kan dé ẹ̀gbẹ́ odi kejì, tí wọ́n jẹ padà, àwa kò tíì kúrò lójú kan.

Kọ̀ndọ́ kọjá láàárín wa. Mo dìde, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń kú lọ́wọ́, ó ń retí mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní, "Iná tó ń darí ọkọ̀ ló bà jẹ́ níwájú. Inú wa ò dùn sí i."

"Ta ló ń tún un ṣe?"

"Wọ́n á rán ẹnì kan wá."

"Ṣé wọ́n ti rán an?"

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Mi ò lè sọ." Ó sì kọjá lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn kí n fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí láti ibi tí a wà, a ń rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ní ọ̀ọ́kán. Ó ní òfin kò gbà á, nítorí ààbò mi ni. Ààbò mi! Rélùwéè tí kò lè gbé mi débi tí mò ń lọ kò sì ní jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi lọ.

Fóònù mi dún. Ẹlẹgbẹ́ mi ni. Ó ní, "Ó ń béèrè rẹ." Mo ní kó gbé fóònù sí i létí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀, bí ẹni ń fa aṣọ lórí ilẹ̀. Mo ní, "Màgírẹ́ẹ̀tì, èmi nìyí. Mo wà lọ́nà." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin Màámi fún un, níwájú gbogbo èrò inú ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wo bàtà rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò tíì kọ ọ́ jìnnà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lọ. Mo pè, mo pè, kò wọlé. Dórìn dìde, ó wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ti wẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ń wo ẹnu ọ̀nà." Mo mú òòyà, mo ya irun rẹ̀ bó ṣe máa ń fẹ́ kí n yà á, mo sì bẹ̀ ẹ́, èmi fúnra mi, lórí eékún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé. Mo padà sí téṣàn, mo sì pe ilé bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Bàámi ló gbé e. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?" Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní mo ṣèlérí fún ìyá arúgbó kan, mi ò sì lè mú un ṣẹ, nítorí mo wà nínú rélùwéè tí kò rìn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni ohùn tó wà lókè òpó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Bàámi ní, "Dúró ná. Ta nìyẹn?"

"Rélùwéè yín ni, Bàámi."

"Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kò wá mọ́?"

"Kò wá mọ́, sà."

"Rárá?"

"Rárá."

"Wọ́n á ti fún yín ní òmíràn."

"Wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó máa bẹ̀ wá."

Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní àgbàlá wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n tún sunkún. Bàámi wá ní, pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "Òyìnbó? Òyìnbó fúnra rẹ̀?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú sí mi." Ẹni tó wà ní Ìlọ́fà, tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, òun ló tọrọ àforíjì tó wọ̀ mí lára.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ ní ulé." Mo ní mi ò tíì lè wá. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó o gbọ́ ọ ni."

Mo ti ronú púpọ̀ nípa ohun tó ń sọ èèyàn di ara ibì kan. Àwọn kan ní ìwé ni, àwọn kan ní ọdún ni. Èmi rò pé ìbínú wà níbẹ̀. Àlejò kì í bínú sí ilé tó dé, ẹ̀rín ló máa ń rín, á ní ohun gbogbo dára. Ní ọjọ́ tí o bá bínú sí ìlú kan lójú gbogbo èèyàn, tí wọn kò sì sọ fún ọ pé kó o máa lọ sílé yín, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé níbẹ̀. Ọjọ́ tèmi dé kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè kéde pé àwọn fẹ́ wá bá àwa èrò sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn abúlé wa.

Àwọn méjì ló wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, aṣọ wọn gún régé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri: àwòrán ìjókòó tuntun, àwòrán ọ̀dà tuntun tí wọ́n fẹ́ kùn sí téṣàn, àwòrán èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Mo wò ó, mi ò mọ ìkankan nínú wọn. Ọkùnrin náà ń sọ pé ìrìn àjò wa jẹ àwọn lógún. Dórìn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Sọ̀rọ̀," ó ní. "Ìwọ tí o ti ṣe olùkọ́ rí."

Mo dìde. Mo fi ohùn kíláàsì mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ wọ̀ wá síbí?"

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà ní, "Mọ́tò ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò wọ rélùwéè?"

Obìnrin náà dáhùn kó tó ronú. Ó ní, "A ní láti dé lásìkò."

Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á. Àwọn èèyàn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Dórìn rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú obìnrin náà pọ́n bí ata. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màgírẹ́ẹ̀tì fún wọn, mo dárúkọ rẹ̀, mo sọ ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Ìgbà tí mo jókòó, ẹ̀rín ti tán nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà? Wọ́n kun téṣàn lọ́dà. Wọ́n gbé ìjókòó tuntun wá kí a lè máa rí ibi jókòó de ọkọ̀ tí kò ní í wá. Mo ti mọ ìjọba tiwa nílé tó ń kun ilé ìwé tí kò ní tíṣà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìgbà náà ni mo sọ fún Dórìn pé a ó dá gáréèjì sílẹ̀. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé ọkọ̀, ó ti fi aṣọ bò ó láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, kò sì wà á mọ́. Ó ní ẹ̀rù ọ̀nà ńlá ń ba òun, àti pé ìjókòó náà ṣì ń rùn bí ọkọ òun. Mo ní, "Ẹ̀rù ọ̀nà? Mà, ọ̀nà ilé wa, àwọn ajínigbé ló ń sápamọ́ sínú igbó rẹ̀, a sì ń gbà á. Èmi á jókòó tì yín." Ó lọ ká aṣọ náà kúrò.

Báyìí, ní òwúrọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, mo máa ń pe èrò bí wọ́n ṣe ń pè é ní Òsí. Mo kọ́ wọn ní "Ó ku ẹnì kan!" Ọkùnrin tó wo bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kúùkù ilé ìwòsàn ni, òun ló máa ń jókòó lẹ́yìn mi, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kí mi ní "Ẹ káàárọ̀" ní Yorùbá tó dàrú. Mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá mi tún físà mi ṣe nígbà tí àkókò tó, kò sì sọ ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé mọ́.

Ní òwúrọ̀ kan, bí a ṣe fẹ́ gbéra, ọkùnrin kan sáré jáde láti inú téṣàn, ó ń ju ọwọ́ sókè. Aṣọ iṣẹ́ rélùwéè ló wọ̀, báàjì wọn wà láyà rẹ̀. Dórìn tẹ bíréèkì. Mo sọ fèrèsé kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlú lẹ̀ ń lọ? Wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ tó yẹ kí n wọ̀. Mo ti pẹ́."

Mo ní, "Kí ni iṣẹ́ yín?"

Ó wo ilẹ̀. "Awakọ̀ ni mí. Èmi ni mo fẹ́ lọ wa èyí tó ń bọ̀ wá síbí."

Kúùkù bo ẹnu rẹ̀. Dórìn ń wò mí bóyá kí òun máa wakọ̀ lọ. Mo wo ọkùnrin náà, òjò ń kán sílẹ̀ láti etí fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ọmọ ilé ìwé tó dé ẹnu géètì Bàámi. Mo ní kí àwọn ará ẹ̀yìn fún ara wọn pọ̀. Wọ́n fún un pọ̀ sí àárín, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀.

A já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà téṣàn ńlá tó wà ní ìlú. Ó dúpẹ́, ó sáré wọlé, ọwọ́ rẹ̀ di fìlà mú. A dúró díẹ̀ ká wo bóyá ọkọ̀ náà yóò gbéra. Dórìn ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, a ó pẹ́," ó sì yí ọwọ́ mọ́tò sí ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa.